Orí Kẹfà: Ewúro àti Ẹran Ara Ẹni tó Ní Ìtọ̀ Ṣúgà

Ewé tí àwọn Hausa ìlú Kaduna ń pè ní shuwaka ni àwọn Yorùbá tó ń gbé Kakuri, Sabon Tasha àti Tudun Wada mọ̀ sí ewúro. Ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi í sè. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ṣúgà rẹ̀ ga, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fún ewúro mu láràárọ̀, pé bó bá ti ń mu ún déédéé, àìsàn náà á kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Pé ewúro lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìwádìí ti ń ti ìyẹn lẹ́yìn láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Pé ó lè tún ẹran ara tí ìtọ̀ ṣúgà ti bàjẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, òun sì ni orí yìí dá lé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ń fi ewúro hàn bí ohun tó ń dáàbò bo ẹran ara tó ṣì ń mí. Kò fi í hàn bí ohun tó ń jí èyí tó ti kú dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò wo àwòrán abẹ́ máíkírósíkóòpù, yóò sì rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ láti kó ọkàn lé, nítorí ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe àlejò mọ́ ní Nàìjíríà. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ṣe alákòóso rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, rí i pé bí 2.2 nínú 100 àgbàlagbà ló ní in. Nígbà tó di 2018, àwọn oníṣègùn kan tí Uloko ti ìlú Kano jẹ́ aṣáájú wọn kó àwọn ìwádìí tó ti wáyé káàkiri jọ, wọ́n ṣírò wọn pọ̀, iye náà sì gòkè dé 5.77 nínú 100. Àríwá-ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Kaduna wà, ló ní iye tó kéré jù, ìyẹn 3.0 nínú 100. Kí ará Kaduna má tìtorí èyí fọwọ́ lẹ́rán: ìwádìí kan náà ka gbígbé ìgboro mọ́ àwọn ohun tó ń mú kí àìsàn náà pọ̀ sí i, Kaduna kì í sì í ṣe abúlé.

Ohun tí ṣúgà ń ṣe fún ẹran ara

Ẹran ara tí a ń wí ni àkójọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ kan náà pọ̀, yálà nínú ẹ̀dọ̀, nínú kíndìnrín, lẹ́yìn ẹyinjú tàbí níbòmíràn. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó 7.0 mmol/L, èyí tí í ṣe 126 mg/dL, lára ẹni tí kò jẹun mọ́jú, tí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́rìí sí i, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ṣúgà tó pọ̀ jù yìí kì í kàn rìn káàkiri lásán. Ó ń lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì ara, bó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀, kì í ṣí mọ́. Orí èyí ni àyẹ̀wò tí à ń pè ní HbA1c dúró lé: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbé nǹkan bí 120 ọjọ́, nítorí náà ìwọ̀n ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ń sọ bí ara ẹni náà ṣe wà láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, yálà ó gbààwẹ̀ lánàá kí ó lè tan dókítà jẹ tàbí kò gbà á.

Inú kíndìnrín ni ìbàjẹ́ náà ti rọrùn jù láti rí. Kíndìnrín kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tíntìntín tí à ń pè ní glomerulus, ìdì òpó ẹ̀jẹ̀ tó wé mọ́ra wọn. Bí ṣúgà ṣe ń pẹ́ lókè, bẹ́ẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́ tó bo òpó wọ̀nyí ń nípọn sí i. Mesangium, ìyẹn ohun tó so àwọn òpó náà pọ̀ láàárín, á máa wú, á sì máa fún wọn pa. Albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní 1936 ni Paul Kimmelstiel àti Clifford Wilson ṣàpèjúwe àwọn kókó roboto tó máa ń yọ nínú asẹ́ náà nígbà tí ọ̀ràn bá ti jinlẹ̀, orúkọ wọn ni a sì fi ń pe kókó wọ̀nyí títí dòní. Lára ènìyàn, ìbàjẹ́ yìí lè gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó hàn, kò sì ní dun ẹni náà rárá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a níwájú.

Ẹran ara kejì tó kàn wá ni páńkíríásì. Paul Langerhans, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1869 àwọn ìdì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó wà káàkiri inú rẹ̀, àwọn tí à ń pè ní erékùṣù Langerhans lónìí. Kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1889, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríásì ajá kan ní Strasbourg, ajá náà sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Sẹ́ẹ̀lì bétà tó wà nínú erékùṣù yìí ló ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní, ara fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n; nínú oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àgbàlagbà wa, ara kì í fetí sí ínsúlínì mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí wọn yóò fi máa rẹ̀yìn.

Ojú àti iṣan ìmọ̀lára náà ń jìyà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan nípa ojú nìkan la nílò níhìn-ín. Ní 1993, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà pẹ̀lú 1,441 ènìyàn tó ní oríṣi kìíní fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ líle mú ṣúgà wọn wálẹ̀ dín ewu kí ìbàjẹ́ ojú bẹ̀rẹ̀ lára wọn kù ní 76 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún orí yìí tóbi. Ohunkóhun tó bá mú ṣúgà wálẹ̀, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́, oògùn oníhóró, oúnjẹ tàbí ewé, lè dáàbò bo ẹran ara. Nítorí náà, bí kíndìnrín eku tó mu ewúro bá dára ju ti èyí tí kò mu ún, a kò tíì lè sọ pé ewúro ní agbára kan tí ó fi ń bá kíndìnrín lò ní tààrà. Ó lè jẹ́ ṣúgà ni ó mú wálẹ̀, tí kíndìnrín sì jàǹfààní rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá àìsàn náà sílẹ̀ lára eku

Ọ̀nà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ń gbà ṣe ìwádìí yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, láti Nsukka títí dé Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tó wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí àríwá Kaduna. Wọn á sá ewé níbòòji títí yóò fi gbẹ, wọn á lọ̀ ọ́ kúnná, wọn á rẹ ẹ́ sínú omi, ethanol tàbí methanol fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á sì gbé omi rẹ̀ kaná jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi ku ohun dúdú tó ń fà bí oyin. Èyí ni a óò máa pè ní àfàyọ. Lẹ́yìn náà, wọn á gún eku funfun ní abẹ́rẹ́ alloxan tàbí streptozotocin. Ní ọjọ́ kẹta, wọn á ti ìrù eku gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Èyí tí ṣúgà rẹ̀ bá ti lọ sókè ni wọ́n ń kà sí alárùn. Ẹgbẹ́ kan á máa mu àfàyọ, ẹgbẹ́ kan á máa mu oògùn tí a ti mọ̀, ẹgbẹ́ kan tó ní àìsàn kò ní mu nǹkan kan, ẹgbẹ́ kan kò sì ní ní àìsàn rárá. Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á yọ páńkíríásì, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, wọn á fi wọ́n sínú fọ́málínì, wọn á rì wọ́n sínú ìda páráfínì, wọn á gé wọn pẹlẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí gígé kan kò ní nípọn ju máíkírómítà márùn-ún lọ, wọn á sì rẹ wọ́n láró.

Aró méjì ló wọ́pọ̀: haematoxylin tó ń mú kùn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn nucleus rẹ̀, di búlúù dúdú, àti eosin tó ń mú ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, erékùṣù Langerhans eku tó yá á dúró gbogboro láàárín ẹran páńkíríásì tó pọ́n ju òun lọ, etí rẹ̀ á dán, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á kún ara wọn, kùn wọn á sì yí roboto. Ti eku tí a gún ní alloxan á ti sún kì, etí rẹ̀ á ti jẹ gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀. Ihò á wà níbi tí sẹ́ẹ̀lì wà tẹ́lẹ̀, kùn àwọn tó kù á sì ti kó jọ, wọ́n á dúdú kirimú. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì wọ́n mú mọ́. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà nínú wọn, ibẹ̀ náà ni àwọn eku tó mu ewúro sì máa ń wà.

Ìtàn alloxan fúnra rẹ̀ yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, John Shaw Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ń wá ìdí tí kíndìnrín àwọn tí ilé wó lù fi ń kú. Wọ́n gún ehoro ní alloxan láti fi wo ohun tí yóò ṣe fún kíndìnrín. Ohun tí wọn kò wá ni wọ́n rí: erékùṣù Langerhans kú. Láti ìgbà náà ni alloxan ti di oògùn tí a fi ń dá ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ lára ẹranko. Ó jọ glúkóòsì, ojú ọ̀nà kan náà tí glúkóòsì ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì bétà, GLUT2, ló ń gbà wọlé. Bó bá sì ti wọlé tán, á dá àwọn ẹ̀yà ọ́síjìn kan sílẹ̀ tí ń jó sẹ́ẹ̀lì láti inú. Ṣùgbọ́n GLUT2 wà lára ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín pẹ̀lú. Streptozotocin, tí Rakieten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1963 pé ó ń fa ìtọ̀ ṣúgà, kò yàtọ̀ lórí èyí: àwọn dókítà ń lò ó fún jẹjẹrẹ erékùṣù páńkíríásì, kíndìnrín aláìsàn sì ni wọ́n máa ń ṣọ́ jù nígbà tí wọ́n bá ń lò ó.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, àti bó ṣe yẹ ká kà á

Ní 1992, Akah àti Okafor láti Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àfàyọ ewúro mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ehoro wálẹ̀. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ ẹran ara dáadáa ni ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Singapore tẹ̀ jáde ní 2011. Eku tí streptozotocin ti fún ní ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n lò. Wọ́n fún wọn ní 400 mg àfàyọ ewúro fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ 28. Ṣúgà àwọn eku yìí fi bí 32 nínú 100 kéré sí ti àwọn alárùn tí kò mu nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì bétà tó ṣẹ́kù nínú erékùṣù wọn sì pọ̀ ju tàwọn yẹn lọ. Wọ́n tún rí i pé àfàyọ náà ran ẹran iṣan lọ́wọ́ láti gbé glúkóòsì wọlé, ó sì dín agbára ẹ̀dọ̀ láti máa tú glúkóòsì síta kù. Chlorogenic acid àti àwọn èròjà polyphenol tó jọ ọ́ wà lára ohun tí wọ́n rí nínú ewé náà. Ewúro nìkan kọ́ ni irú ìwádìí báyìí ti wáyé lé lórí. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello, wọ́n ti dán èèpo igi osè, tí Hausa ń pè ní kuka, wò lára eku alárùn, ṣúgà wálẹ̀ níbẹ̀ náà. Móríńgà, zogale tí àwọn obìnrin ń fi kúlíkúlì pò tà ní ìgboro Kaduna, ti gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ewúro la mú nítorí pé lórí rẹ̀ ni ẹ̀rí nípa ẹran ara ti mọ́lẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí 32 nínú 100 túmọ̀ sí. Bí ṣúgà eku tí kò mu nǹkan kan bá jẹ́ 20 mmol/L, ti èyí tó mu ewúro yóò wà ní nǹkan bí 13.6. Ìdínkù gidi ni, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n 13.6 ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì 7.0. Eku náà ṣì ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ewúro bá ti jí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bétà tó kú dìde, ṣúgà kò ní dúró síbẹ̀. Nítorí náà, iye inú ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán erékùṣù ń sọ ohun kan náà: àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ìbá kú kò kú. Ìdáàbòbò nìyẹn.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí nílẹ̀ wa máa ń fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan, pé àfàyọ náà mú erékùṣù hù padà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kéèyàn máa kánjú sọ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni pé páńkíríásì eku, àgàgà eku kékeré, lè tún ara rẹ̀ ṣe díẹ̀ fúnra rẹ̀. Eku tí alloxan tí a gún un kò tó lè gba ara rẹ̀ là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìmu ohunkóhun. Ẹni tó bá fi eku alárùn ọjọ́ kẹta wé eku ewúro ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n yóò gbé ògo ohun tí ara eku ṣe fún ewé. Àfi kí a pa ẹgbẹ́ alárùn tí kò mu nǹkan kan ní ọjọ́ kan náà, kí a sì fi wọ́n wéra. Ohun kejì ni ìgbà tí ewé náà bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí kan, eku ti ń mu àfàyọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó gún un ní alloxan. Irú eku bẹ́ẹ̀ ní èròjà polyphenol nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè pa iná ọ́síjìn yẹn kí ó tó jó sẹ́ẹ̀lì. Ó dára, ó sì wúlò láti mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí aláìsàn Kaduna ṣe ń wá nìyẹn. Ẹni tó wá sí Barau Dikko Teaching Hospital pẹ̀lú ṣúgà tó ga ti ní àìsàn náà tipẹ́ kí ó tó gbọ́ ìmọ̀ràn pé kó mu ewúro.

Ti kíndìnrín tún ní ìṣòro tirẹ̀. A ti sọ pé alloxan àti streptozotocin lè ba kíndìnrín jẹ́ fúnra wọn, láìdúró de ṣúgà. Nígbà tí a bá wá rí asẹ́ tó sún kì àti òpó tó ti ṣófo nínú kíndìnrín eku ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èwo ni ṣúgà fà, èwo sì ni májèlé fà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni èyí, kì í ṣe ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kókó Kimmelstiel àti Wilson kì í sábà yọ lára eku wọ̀nyí. Bí ewúro bá wá mú kí kíndìnrín eku dára sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé májèlé ló ràn án lọ́wọ́ láti borí, kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀nà láti yanjú rẹ̀ wà: kí a ní ẹgbẹ́ kan tí a fi ínsúlínì mú ṣúgà wọn wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan náà tí ewúro mú un dé. Bí kíndìnrín ẹgbẹ́ méjèèjì bá rí bákan náà, ọ̀nà ṣúgà ni ewúro gbà. Bí ti ewúro bá dára jù, a jẹ́ pé ó ní nǹkan mìíràn nínú. Ìwádìí tó bá ní ẹgbẹ́ yìí nínú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá. Èyí tí kò ní in, kí ó kà á pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ìṣọ́ra kan náà yẹ kó wà lórí àwòrán. Ègé kan láti inú páńkíríásì lè ní erékùṣù tó dára àti èyí tó bàjẹ́ nínú, bí a bá sì yan èyí tó wù wá, a lè fi hàn pé omi lásán ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn. Ojútùú rẹ̀ kò ní àṣírí: kí a ka iye erékùṣù nínú ọ̀pọ̀ ègé láti ara ọ̀pọ̀ eku, kí a wọn fífẹ̀ wọn, kí ẹni tó ń kà á má sì mọ ẹgbẹ́ tí ègé kọ̀ọ̀kan ti wá. Àwòrán kan ṣoṣo tí a tẹ̀ sínú ìwé, bó ti wù kó dán tó, àpẹẹrẹ ni. Iye tí a kà ni ẹ̀rí.

Àwọn àtakò

Àwọn kan á sọ pé àwọn baba wa ti ń lo ewúro kí eku funfun tó wọ ilé ìwádìí, pé ìrírí wọn ti tó. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ ti ikùn, ibà tàbí aràn. Àní ìnàkí pàápàá ń jẹ ewúro nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá: ní òkè Mahale ní Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu kọ̀wé ní 1989 nípa ìnàkí kan tó ń ṣàìsàn tí wọ́n rí tó ń fa omi inú igi ewúro mu, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yá kì í fi ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìrírí máa ń kọ́ni nípa ohun tí ara ń sọ. Òùngbẹ, ìtọ̀ àtọ̀túntọ̀ àti rírù ni àwọn baba wa fi mọ ìtọ̀ ṣúgà, ìwọ̀nyí sì lè dín kù nígbà tí ṣúgà bá sọ̀ kalẹ̀ láti 20 sí 13. Ẹni náà á ní ara òun ti yá. Asẹ́ kíndìnrín rẹ̀ kò ní bá a sọ̀rọ̀ nítorí kì í dunni, awọ rẹ̀ á sì máa nípọn lọ. Kò sí bí ìrírí, bó ti wù kó pẹ́ tó, ṣe lè rí ohun tí kì í dunni tí kò sì ṣeé fojú rí. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò máíkírósíkóòpù, àti àyẹ̀wò albumin inú ìtọ̀ fún ẹni tó wà láàyè.

Àtakò kejì wá láti ìhà kejì pátápátá: eku kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Èyí náà ti pọ̀ jù. Ajá ni Minkowski àti von Mering lò, ajá náà ni Banting àti Best lò ní Toronto ní 1921, ní oṣù kìíní ọdún 1922 sì ni Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó wá látinú iṣẹ́ náà. Ẹranko kò purọ́ fún wọn. Ohun tó yẹ ni kí a mọ ìbéèrè tí eku lè dáhùn. Eku lè sọ fún wa bóyá èròjà kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó ń gbà, àti ẹran ara tó lè bà jẹ́. Kò lè sọ bí ẹni tó ti ní àìsàn fún ọdún mẹ́wàá, tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò ṣe rí.

Bákan náà ni ti ìwọ̀n. Àwọn kan ń fi 400 mg rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ènìyàn tó lè mu ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìṣirò tí àjọ oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2005, a óò fi 6.2 pín ìwọ̀n eku kí a tó gbé e fún ènìyàn. 400 á di nǹkan bí 65 mg fún kìlógíráàmù kan, ẹni tó wọn 60 kìlógíráàmù á sì nílò nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin àfàyọ lójúmọ́. Bí a bá gbà pé 100 gíráàmù ewé gbígbẹ ń mú gíráàmù 15 àfàyọ jáde, gíráàmù 26 ewé gbígbẹ ni. Ó ṣeé mu. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi wá ni bóyá ohun tí ènìyàn ń jẹ àti ohun tí eku mu jọra. Nínú ilé ìdáná Yorùbá àti ti Hausa, wọn á fi iyọ̀ fọ ewúro, wọn á bọ̀ ọ́, wọn á fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí omi aláwọ̀ ewé rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí kíkorò rẹ̀. Ewé tí a kò fọ̀ ni wọ́n ń rẹ nílé ìwádìí, ọ̀pọ̀ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ náà sì wà nínú omi tí a dà nù yẹn. Ọbẹ̀ ewúro dára fún ara. A kò lè fi ìwádìí 2011 jẹ́rìí fún un.

Àtakò tó lágbára jù ni ti metformin. Wọ́n á ní: ṣebí inú ewé kan ni oògùn tí ẹ̀yin dókítà ń kọ fún wa ti wá, kí ló dé tí ẹ kò lè gba ewúro? Òótọ́ ni pé àwọn ará Yúróòpù ti ń lo ewé Galega officinalis tipẹ́, èròjà inú rẹ̀ ló sì tọ́ka ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà parí. Ní 1918 ni Watanabe fi hàn lára ehoro pé guanidine, ìbátan èròjà inú Galega, ń mú ṣúgà wálẹ̀. Ní 1926, oògùn Synthalin jáde láti ìdílé kan náà. Ó mú ṣúgà wálẹ̀ dáadáa, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn tó ń mu ún jẹ́, wọ́n sì pa á tì. Metformin fúnra rẹ̀, tí Werner àti Bell ti kọ́kọ́ ṣe ní Dublin ní 1922, kò di oògùn aláìsàn títí Jean Sterne fi tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Paris ní 1957. Ó di 1998 kí ìwádìí ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní UKPDS tó fi hàn pé àwọn tó sanra tó ń lò ó kì í fi bẹ́ẹ̀ kú nítorí àìsàn náà bíi tàwọn yòókù. Ẹ wò ó: oògùn Synthalin yẹn ṣe ohun tí a ń yin ewúro fún, ó mú ṣúgà wálẹ̀, ẹran ara sì ń bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìtàn metformin gbe ewúro lẹ́yìn ti gba iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lé ara rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí àyẹ̀wò yẹn ló yà metformin sọ́tọ̀ kúrò lára Synthalin.

Ewúro kò tíì gba ọ̀nà yìí dé òpin. Ohun tó kù fún un ni ìwádìí lára ènìyàn tó pọ̀ tó, tí wọ́n fi àfàyọ tí ìwọ̀n èròjà rẹ̀ dájú ṣe, tí yóò pẹ́ tó kí albumin inú ìtọ̀ lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíndìnrín. Kaduna kò ṣaláìní ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè wáyé: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kaduna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, Barau Dikko sì ni ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́, ilé tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ Àríwá àkọ́kọ́ tó di dókítà ìṣègùn òyìnbó.

Títí di ìgbà náà, ẹni tó ń lo metformin tàbí ínsúlínì kò gbọdọ̀ tìtorí ewúro jù ú nù. Bó bá ń mu omi ewúro mọ́ oògùn rẹ̀, kó sọ fún dókítà, nítorí méjèèjì lè pa pọ̀ fa ṣúgà wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, òógùn tútù àti gbígbọ̀n ló sì máa fi bẹ̀rẹ̀. Kó sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ òun wò fún albumin lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ pé ara rẹ̀ le koko. Ní ti ìgò egbòogi tí wọ́n ń tà kiri, ọ̀pọ̀ èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àjọ náà kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí ẹni tó ṣe é sọ pé ó ń ṣe. Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó ka orúkọ àwọn àìsàn tí wọ́n fi lẹ́tà gàǹgà tò sókè rẹ̀.